Ẹ Bi Alhaja: Ẹsẹ̀ ìyá mi wà nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, kí ni kí n ṣe sí i?

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ṣùgbọ́n márùn-ún nínú wọn ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ wọ́n ò mọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ ara ọmọ ènìyàn ni: èyí tí wọ́n gé, èyí tó wálẹ̀ kó tó gbó, èyí tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀. Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, yàrá iṣẹ́ abẹ àti ilé ìgbẹ̀bí ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì, èmi àti àwọn obìnrin mẹ́ta kan la ń wẹ òkú obìnrin fún mọ́ṣáláṣí wa ní Yemẹtu, Ìbàdàn. Ohun tí ọwọ́ mi ti kàn ni mo fẹ́ sọ.

*Alhaja, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àtọ̀gbẹ ló ń bá ìyá mi jà. Egbò kékeré kan tó yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló di ńlá, làwọn dókítà bá ní àfi káwọn gé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà lábẹ́ orúnkún. Àná ni wọ́n gé e. Bí wọ́n ṣe parí, òṣìṣẹ́ kan gbé náílọ́ọ̀nù dúdú lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ lọ wá ibi tẹ́ ẹ máa dà á sí.” Inú búùtù mọ́tò mi ló wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Àǹtí mi ní ká pe Àfáà kó wá kírun sí i lára. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹran lásán ni, ká jù ú sódò Ògùnpa. Ìyá mi fúnra wọn ń sunkún, wọ́n ní báwo làwọn ṣe máa dìde lọ́jọ́ Àjíǹde láìlẹ́sẹ̀. – Àbígbẹ̀yìn, Agbowó*

Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ò lè dúró de ìwé ìròyìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ náà gan-an, tí mo ní kó o máa gbé e bọ̀. O ti fún mi láyè kí n sọ ohun tá a jọ ṣe, nítorí èmi pẹ̀lú rẹ la mọ̀ pé ìwọ nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbé irú náílọ́ọ̀nù yẹn fún nílùú yìí.

Ẹ̀yìnkùlé mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, la ti tú u. Nígbà tí mo ṣí aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi wé e, làálì tí ìyá rẹ lé sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ṣì pọ́n fòò. Orí èékánná márààrún ló wà, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ewé kúrò lórí rẹ̀. Àpá kan wà lójúgun tó gùn tó ìka mi. Ìwọ lo sọ pé omi ẹ̀kọ gbígbóná ló dà sí i níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ta ẹ̀kọ ní Bẹẹrẹ, kí wọ́n tó bí ọ. O sọ ọ́ tán, o dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ní ẹran lásán ni, ká ní ó rí làálì àti àpá yẹn ni, mi ò rò pé ó máa tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ.

Ní ti ìrun tí àǹtí rẹ ń sọ: ẹ̀yà ara tí wọ́n gé lára ẹni tó ṣì wà láàyè, wọn kì í kírun sí i. Òkú la ń kírun sí lára, ìyá rẹ ò sì tíì kú, àlùhámúdù lílàhì. Wíwẹ̀ rẹ̀ náà kì í ṣe dandan bíi ti òkú. Aṣọ mímọ́ la fi ń wé e, ilẹ̀ la sì ń fi í sí. Èmi fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ti ìyá rẹ nítorí pé mi ò lè fi bẹ́ẹ̀ sínú aṣọ funfun, kì í ṣe pé ẹ̀sìn ló kàn án nípá fún mi.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yà ara ẹni tó ti kú ni wọ́n rí, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń sọ, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa. Àwọn onímímọ̀ tó ń tọ ọ̀nà Ìmáámù Ṣáfíì ní bó bá jẹ́ ọwọ́ kan péré ni wọ́n rí, tó sì dájú pé ẹni tó ni ín ti kú, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n sì kírun sí i. Ìtàn tí wọ́n gbé e lé ni ti ọwọ́ kan tí ẹyẹ jù sílẹ̀ ní Mẹ́kà lẹ́yìn Ogun Ràkúnmí, ọdún 656. Òrùka tó wà níka ọwọ́ ọ̀hún ni wọ́n fi mọ ẹni tó ni ín, làwọn ará Mẹ́kà bá kírun sí i. Àwọn Málíkì, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ilẹ̀ Yorùbá ń tọ ọ̀nà wọn, ní ó di ìgbà tí wọ́n bá rí tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ara náà. Àmọ́ wọ́n fẹnu kò pé sínsin ni wọ́n máa sin ín.

Ìtàn kan wà tí mo sọ fún ìyá rẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, màá tún un sọ fún gbogbo yín. Urwa ọmọ Zubair, ọ̀kan nínú àwọn onímímọ̀ ńlá Mẹ̀dínà, Asmau ọmọ Abu Bakr ló bí i, Àíṣátù ìyá wa sì ni àbúrò ìyá rẹ̀. Ó ń lọ sọ́dọ̀ Kálífà Walid ní Damásíkù nígbà tí egbò kan bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àfi káwọn fi ayùn gé e. Wọ́n ní kó mu ohun tó máa kùn ún lóorun, ó ní òun ò mu ún. Nígbà tí wọ́n gé e tán, ó ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà wá. Ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún lọ́wọ́, ó ní Ẹni tó fi ẹsẹ̀ yìí gbé òun rìn mọ̀ pé òun ò fi rìn lọ síbi ẹ̀ṣẹ̀ rí. Ó ní kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fi lọ́fínńdà sí i, kí wọ́n wé e láṣọ, kí wọ́n lọ sin ín síbi tí wọ́n ń sin àwọn Mùsùlùmí sí. Bí àwọn òpìtàn ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Bí mo ṣe dé ibi tí Urwa ti gbé ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹkún ìyá rẹ dá. Wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ tèmi náà, ọjà ló gbé mi lọ, mọ́ṣáláṣí ló gbé mi lọ.”

Ní ti Àjíǹde tó ń bà wọ́n lẹ́rù, inú Súrátùl-Kìyámọ̀ ni ìdáhùn wọn wà: ṣé ọmọ ènìyàn rò pé A ò ní kó egungun òun jọ ni? Bẹ́ẹ̀ ni o, A lágbára láti tún ọmọọ́ka rẹ̀ pàápàá tò dọ́gba. Ọba tó ka ìlà orí ọmọọ́ka mọ́ ohun tó máa tún tò, kò ní gbàgbé ẹsẹ̀ tó lé làálì.

Ọ̀rọ̀ Ògùnpa ńkọ́? Rárá o. Ọ̀rọ̀ Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, èyí tí Àíṣátù gbà wá, tó wà nínú ìwé Abu Daud, ni pé fífọ́ egungun òkú dà bí ìgbà téèyàn fọ́ ọ lójú ayé rẹ̀. Bí a ò bá ní ju ìyá rẹ sódò, a ò ní ju ẹsẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ọlọ́run ní Òun pọ́n àwọn ọmọ Ádámọ̀ lé, Ó sì ní Òun fi ilẹ̀ ṣe ohun tó ń kó alààyè àti òkú mọ́ra. Ilẹ̀ ni Ó ní, kò sọ pé odò. Ògùnpa ò sì í gbé nǹkan mì. Ẹni tó bá rántí omíyalé ọdún 1980 mọ̀ pé ohun tá a dà sínú rẹ̀ ló kó padà wá bá wa nílé.

Òṣìṣẹ́ tó gbé náílọ́ọ̀nù lé ọ lọ́wọ́, kì í ṣe gbígbé tó gbé e fún ọ ló dùn mí. Ó dára kí wọ́n gbé e fún ẹbí. Ẹnu tó fi sọ ọ́ ni. Sístà àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ, Kirisitẹni ni, Ọlọ́run á kẹ́ ẹ. Tí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọ̀dọ́ bá pe ẹ̀yà ara ní ìdọ̀tí, á dúró, á bi í pé, “Ti ta ni?” Kò ní kúrò níbẹ̀ títí onítọ̀hún á fi dárúkọ aláìsàn. “Ẹsẹ̀ Ìyá Báyìí ni, Mà.” Ìgbà yẹn ló tó máa ní ká gbé e.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá fẹ́ gé ẹ̀yà ara fún ẹbí yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń buwọ́ lùwé pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ni kẹ́ ẹ ti sọ pé ẹ máa gba ẹ̀yà ara náà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì. Bẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, sísun ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń sun ún, a ò sì fẹ́ kí wọ́n dáná sun ara ọmọ ènìyàn nígbà tí ilẹ̀ wà. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ mú díẹ̀ lọ yẹ̀ wò ní láàbù, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un. Ìtọ́jú ni, kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ kàn án, pàápàá tó bá jẹ́ egbò ló fa gígé.

Lẹ́yìn ìrun Àṣárì lọ́jọ́ Àlàmísì, a gbẹ́ ilẹ̀ dé ìbàdí rẹ ní igun itẹ́ àwọn Mùsùlùmí kan, kí ajá má baà hú u. Kò sí pé ká kọ ọ́ sí Gábàsì, kò sí wáàsí. Ìwọ lo gbé e sínú ilẹ̀. Mo rí i pé ọwọ́ méjèèjì lo fi gbé e. Bí ọjọ́ ìyá rẹ bá pé lẹ́yìn ẹ̀mí gígùn, ẹ má lọ hú u pé ẹ fẹ́ kó wọn pọ̀. Ẹni tó máa tún wọn tò mọ ibi tó wà.

*Alhaja, ẹ kú iṣẹ́. Oyún mi wà ní oṣù karùn-ún nígbà tó wálẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé, oṣù kan náà sì ni gbogbo wọn ń lọ, láìsí ìrora púpọ̀. Ọkùnrin ni, ó pé lójú, ó pé nímú. Ìyá ọkọ mi ní àbíkú ni, wọ́n ní kí wọ́n gé ọmọńdinrín rẹ̀ kó má tún padà wá. Ọkọ mi ní òun ò gbà, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n fojú kàn án mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ igi máńgòrò. Ṣé ó yẹ kí wọ́n kírun sí i? Ṣé mo lè sọ ọ́ lórúkọ? Ọkàn mi ò balẹ̀, mo ń rò ó pé bóyá wọ́n ti gé e. – Ẹni tí ò rí oorun sùn, Àpẹ̀tẹ̀*

Ọmọ mi, Ọlọ́run á fi èyí tó máa dúró rọ́pò, á sì fi ọwọ́ ìtùnú nù ọ́ lójú. Kí n tó sọ̀rọ̀ ìrun, jẹ́ n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ.

Mo wẹ òkú ọmọbìnrin ọdún méjì kan rí. Kí àwa tó dé ni wọ́n ti la etí rẹ̀ òsì. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde mọ́, etí yẹn kàn ṣí sílẹ̀ bí aṣọ tó ya létí ni. Mo fi òwú díẹ̀ pa á dé, mo fọwọ́ mú un títí tí ẹnì kejì mi fi da omi tán, nítorí pé ọwọ́ mi ò gbà kí omi gba ibẹ̀ kọjá. Fọ̀níkú-fọ̀ládìde ló pa ọmọ yẹn. AS ni bàbá, AS ni ìyá. Àwọn méjì tó ti kú ṣáájú rẹ̀, àìsàn yẹn náà ni. Kò sí ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀. Ọmọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìyá wọn sì sunkún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ogun Úhúdù, ọdún 625, àwọn ọ̀tá gé ẹ̀yà ara Hamza, àbúrò bàbá Ànábì, lẹ́yìn tí wọ́n pa á. Ó dun Òjíṣẹ́ Ọlọ́run wọnú eegun. Síbẹ̀ ó kọ̀ fún àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ láti gé ẹ̀yà ara ẹnikẹ́ni, ọ̀tá tó bá wọn jà pàápàá. Kí wá ni ọmọ oṣù márùn-ún ṣe? Sọ fún ìyá ọkọ rẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lórí ìkúnlẹ̀, pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, pé àgbàlagbà bíi tiwọn ni mí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ-ọmọ ló gbé wọn débẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé e láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò sí lọ́rùn rẹ, kò sì dín ọmọ rẹ kù lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Ìrun ńkọ́? Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí ọmọ Masʼud tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà wá, sọ pé ogójì ọjọ́ lọ́nà mẹ́ta ni oyún fi ń yí padà, kí málááíkà tó wá fẹ́ ẹ̀mí sí i. 120 ọjọ́ nìyẹn, oṣù mẹ́rin. Ọmọ rẹ ti kọjá ibẹ̀. Àwọn onímímọ̀ tó ń tọ ọ̀nà Ìmáámù Ahmad ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n wé e láṣọ, kí wọ́n kírun sí i, nítorí hádíìsì tó ní wọ́n ń kírun sí ọmọ tó wálẹ̀, wọ́n sì ń tọrọ àforíjìn àti àánú fún òbí rẹ̀. Ìwé Rísálà tí púpọ̀ nínú wa kà ní ilé-kéwú, ti àwọn Málíkì, ní ọmọ tí kò bá ké nígbà tó dáyé, wọn kì í kírun sí i. Fífọ ẹ̀jẹ̀, wíwé láṣọ àti sínsin ti tó. Èyí tí Àfáà mi fi kọ́ mi nìyí, òun sì ni mò ń tẹ̀ lé. Bí lèmọ́mù yín bá wà lọ́nà kejì, ẹ má tìtorí rẹ̀ jà. Wọn ò fi ẹ̀tọ́ kankan dù ọmọ rẹ.

Sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ tó pé lójú tó pé nímú yẹ kó lórúkọ tí ìyá rẹ̀ á máa fi rántí rẹ̀ nínú àdúà. Rísálà tún sọ pé a ò fẹ́ kí wọ́n máa sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sínú ọgbà ilé. Ilé la máa ń tà, ilé la máa ń wó kọ́, ẹni tó bá rà á ò ní mọ ẹni tó wà lábẹ́ máńgòrò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sin ín ná. Ẹ má hú u. Ẹ kó òkúta díẹ̀ yí ibẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má dáná sí i, kí wọ́n má da omi ìfọṣọ sí i.

Èyí tí mo fẹ́ fi ẹnu nọ́ọ̀sì sọ rèé. Kí oyún máa wálẹ̀ lóṣù karùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta láìsí ìrora, ẹnu ilé ọmọ tí kò lágbára ló sábà máa ń fà á. Ó ń ṣí kí àsìkò tó tó. Wọ́n lè fi òwú rán an pa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá sí ìkẹrìnlá oyún, wọ́n á tú u nígbà tí ìbímọ bá kù díẹ̀. Mo ti bá wọn ràn án lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Kí o tó tún lóyún, ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹ lọ rí dókítà àwọn obìnrin, kẹ́ ẹ sọ ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí.

*Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni mí. Mo ra egungun ènìyàn lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ síwájú mi: agbárí, apá kan, ẹsẹ̀ kan àti eegun ìhà. Inú báàgì Ghana-must-go lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà. Ṣé ìrun tí mò ń kí nínú yàrá yẹn dá? Tí mo bá ṣe ìdánwò tán, ṣé mo lè tà á fún ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe tà á fún mi? – Akẹ́kọ̀ọ́, Mọ́kọlá*

Ìrun rẹ dá. Ànábì ní onígbàgbọ́ òdodo kì í di nájísì, èyí tó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn Málíkì ni pé òkú ọmọ ènìyàn mọ́. Kì í ṣe ti ìrun ló ń kọ mí lóminú.

Kíkọ́ iṣẹ́ láti ara òkú, ìlò ló gbà á láyè. Ní ọdún 1987, ìgbìmọ̀ àwọn onímímọ̀ fíkìhì, ìyẹn òfin ẹ̀sìn, tó jókòó ní Mẹ́kà gbà pé wọ́n lè la òkú fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n wọn ò gbà á lásán. Kó má kọjá ibi tí ìlò dé, kí wọ́n má fi ara náà ṣeré, kí wọ́n sì sin gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Bí dókítà ò bá kọ́ ọ, báwo ló ṣe máa gé ẹsẹ̀ ìyá Àbígbẹ̀yìn láìpa á? Torí náà, kàwé rẹ.

Títà ni mi ò gbà. Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, Ọlọ́run ní Òun máa bá ènìyàn mẹ́ta ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àjíǹde, ọ̀kan nínú wọn lẹni tó ta olómìnira tó sì jẹ owó rẹ̀. Ẹni tí a ò lè tà lódidi, ṣé a lè tà á ní ẹyọ ẹyọ? Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 náà sọ títa ẹ̀yà ara ènìyàn di ẹ̀ṣẹ̀. Owó tó o san ti lọ nìyẹn, má wá bí o ṣe máa gbà á padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ bá àwọn olùkọ́ ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ yín nípa ara òkú, sọ pé o fẹ́ dá egungun padà kí wọ́n lè sin ín. Tí wọn ò bá gbà á, mú àgbà kan láti mọ́ṣáláṣí dání lọ, kí ẹ jọ bèèrè ọ̀nà tó bófin mu láti sin ín. Má sin ín lóru ní ìwọ nìkan o. Bí ọlọ́pàá bá ká ọ mọ́bẹ̀ pẹ̀lú agbárí nínú àpò, kò sí ẹni tó máa gbọ́ pé ìwé lò ń kà.

Títí di ìgbà náà, yọ ọ́ kúrò nínú Ghana-must-go. Mo ti rí ọ̀kan báyìí tí wọ́n fi bírò kọ nọ́ńbà síwájú orí rẹ̀, tí sìgá sì ti jó o nígbà kan létí ihò ojú. Wá páálí tó dúró dáadáa, tẹ́ aṣọ sí i, tò wọ́n sí i. Má fún un lórúkọ ẹ̀fẹ̀, má bá a ya fọ́tò. Obìnrin ni o, àbí ọkùnrin? O ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi egungun ìbàdí mọ̀ ọ́n. Bí o bá mọ̀ ọ́n, á rọrùn fún ọ láti rántí pé ẹnì kan ni.

*Alhaja, mo kí yín. Mọ́gàjí ní kí n wa sọ́kàwé tuntun sí agboolé wa lápá Òkè-Àrẹ̀. Àwọn lébìrà wa ilẹ̀ dé àyà, wọ́n bá egungun ènìyàn. Wọ́n fẹ́ kó o dà sórí ààtàn. Ẹnì kan tiẹ̀ ti wá bá mi lálẹ́, ó ní òun máa ra agbárí rẹ̀. A ò mọ̀ bóyá Mùsùlùmí ni. – Bàbá àgbà, Ìbàdàn*

Ẹ̀yin Bàbá, ẹ kú ìnáwó ilé o. Ẹ dá àwọn lébìrà dúró. Ẹni tó wá lálẹ́ yẹn, ẹ mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, èmi náà mọ̀ ọ́n. Tó bá tún wá, ẹ fi orúkọ rẹ̀ tó ọlọ́pàá létí. Ìlú tó rí agbárí àti òkú ènìyàn tí wọ́n bá nínú igbó Ṣókà lóṣù kẹta ọdún 2014 ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ agbárí ṣeré. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún, ẹ̀yin àti Mọ́gàjí, kí wọ́n wá wò ó bóyá òkú ọjọ́ pípẹ́ ni tàbí ti ìsinsìnyí.

Tó bá jẹ́ ojú oórì àtijọ́ ni, ọ̀nà tó dára jù ni kẹ́ ẹ da iyẹ̀pẹ̀ padà bò ó, kí sọ́kàwé lọ síbòmíràn. Àwọn Málíkì ní sàárè jẹ́ wákáfù, ìyẹn ohun tí a yà sọ́tọ̀, fún ẹni tó wà nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí egungun bá ṣì wà níbẹ̀. Wọn kì í rìn lórí rẹ̀, wọn kì í hú u. Ànábì ní kéèyàn jókòó lórí ẹyinná títí á fi jó aṣọ dé awọ ara sàn fún un ju kó jókòó lórí sàárè lọ. Jíjókòó lásán nìyẹn o, Bàbá. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ̀ ń bèèrè rẹ̀ yìí. Tí kò bá sí ibòmíràn rárá, tí ọlọ́pàá sì ti gbà, ẹ ní kí wọ́n jù ṣọ́bìrì sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé eegun ìka, ẹ tẹ́ aṣọ funfun, ẹ kó o sí i, ẹ sin ín sí itẹ́.

Àìmọ ẹ̀sìn rẹ̀ ò yí ohunkóhun padà. Wọ́n gbé òkú kan kọjá níwájú Ànábì, ó dìde dúró. Wọ́n ní Júù mà ni. Ó ní, “Ṣé kì í ṣe ẹ̀mí ni?” Kí ẹ tó fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ẹ wò ó bóyá ìlẹ̀kẹ̀ tàbí òrùka wà níbẹ̀. Tó bá wà, ẹ fi hàn Mọ́gàjí. Ó lè jẹ́ bàbá ńlá yín ló ń jókòó ní ìsàlẹ̀ ilé láti ọjọ́ yìí wá.

*Alhaja, onígbàjámọ̀ ni mí ní Ọ̀jẹ́. Irun tí mò ń gbá lójúmọ́ kún àpò. Ṣé dandan ni kí n sin ín? – Bàbá Gbàjámọ̀*

Kì í ṣe dandan, àmọ́ ó dára. Wọ́n ní Ìmáámù Ahmad fẹ́ràn kí wọ́n máa sin irun àti èékánná. Tí àyè ò bá gbà ọ́, di àpò náà pa pinpin kí o tó gbé e fún àwọn kólẹ̀-kódọ̀tí, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bù nínú rẹ̀ lọ, ohun yòówù kó fi lọ̀ ọ́. Ehín ọmọ tó bọ́ àti ìwọ́, bákan náà ni. Olóbi nìkan ni mo máa ń sọ fún àwọn bàbá ọmọ tuntun pé kí wọ́n má fi falẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e fún ọ ni kó o gbẹ́ ilẹ̀ jìn, kó o sin ín.